Ìrìnàjò jíjìn àkọ́kọ́ mi pẹ̀lú tírélà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Awakọ̀ Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì pẹ́ tí mo gba láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá, láti ìgbà náà ìtòsí ilé ni mo ń gbé ẹrù lọ, àárọ̀ lọ alẹ́ bọ̀, mo mọ gbogbo kọ̀nà àti kòtò ojú ọ̀nà yẹn. Wọ́n wá ní kí n gbé ẹrù lọ sí agbègbè tí mi ò dé rí, òkè pọ̀ lójú ọ̀nà, ó sì máa ń tutù gan-an lọ́hùn-ún, tọ̀dọ̀ wa ò sì kì í tutù. Tírélà oníjíà ọwọ́ ni, èmi nìkan ni màá wà nínú ẹ̀. Mi ò fẹ́ máa da ìbéèrè bo ọ̀gá mi kó má lọ rò pé mi ò lè ṣe é. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó gbéra? Ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Àjàgbé

O kú oríire o. Èyí tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ mú. O ní o ò fẹ́ bi ọ̀gá ẹ léèrè ọ̀rọ̀. Bi í jàre, bi í dáadáa. Adírẹ́sì ibi tó o ti máa já ẹrù gangan, géètì wo ni tírélà ń gbà wọlé níbẹ̀ torí géètì tí mọ́tò kékeré ń gbà kì í sábà jẹ́ tiwa, aago mélòó ni wọ́n ń gba ẹrù, ṣé wọ́n máa jẹ́ kó o sùn sínú ọgbà wọn tó o bá tètè dé, ta ló máa gbé fóònù láago méjì òru tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, má fi sórí fóònù nìkan, ibi tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń sá lọ ni ọkọ̀ máa ń fẹ́ bàjẹ́. Ọ̀gá tó bá ń bínú pé dẹ́rẹ́bà bi òun ní adírẹ́sì, òun gan-an ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́ra fún.

Ìkejì, mọ gíga ọkọ̀ ẹ àti ìwúwo ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó wà lẹ́yìn ẹ lọ́jọ́ yẹn, kọ ọ́ sórí páálí kékeré kó o lẹ̀ ẹ́ síbi tójú ẹ ti máa rí i. Òfin ibì kan ò dà bíi tibòmíì. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù, mítà 4 ni gíga ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá, ní Amẹ́ríkà ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà tó mítà 4.1, ìwúwo pẹ̀lú, tọ́ọ̀nù 40 níbì kan, tọ́ọ̀nù 36 níbòmíì. Tìrẹ ni kó o wá èyí tí wọ́n ń lò níbi tó ò ń lọ. Èyí tó o mọ̀ nílé lè má wúlò níbẹ̀ rárá.

Máàpù inú fóònù tí gbogbo ayé ń lò, ọkọ̀ kékeré ló ń yàwòrán ọ̀nà fún, kò mọ̀ pé tírélà lo wà. Á kàn ní kó o yà sọ́tùn-ún, o yà, o bá bá ara ẹ lábẹ́ afárá tí ọkọ̀ ẹ ò lè gbà kọjá, ọkọ̀ mẹ́wàá á ti tò sẹ́yìn ẹ. Gba èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ńlá, kó o fi gíga àti ìwúwo ẹ sínú ẹ̀, síbẹ̀ kó o jókòó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kó o tọ ọ̀nà náà látòkè délẹ̀ fúnra ẹ. Tí pátákó ojú ọ̀nà bá sọ ohun kan tí máàpù sọ òmíì, pátákó ni kó o gbọ́.

Ọmọ Mẹkáníìkì

Bàbá ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ fúnra ẹ̀.

Má kàn rìn yí i ká kó o máa fẹsẹ̀ gbá táyà. Tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, géèjì lọ́wọ́ kejì. Àárọ̀ kí táyà tó gbóná ni kó o wọn atẹ́gùn ẹ̀. Tó bá ti sáré fún wákàtí mélòó kan géèjì máa lọ sókè, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé atẹ́gùn pọ̀ jù, má jò ó dànù rárá, tó bá tutù tán kò ní tó mọ́ nìyẹn. Táyà tó so pọ̀ ní méjì-méjì, tan iná sáàárín wọn. Tí wọ́n bá ń ha ara wọn, tàbí òkúta há sáàárín, gbígbóná ni wọ́n máa gbóná títí tí wọ́n á fi gbiná.

Ibì kan wà táwọn tuntun kì í wò, ìdí nọ́ọ̀tì ríìmù. Sún mọ́ ọn dáadáa. Tó o bá rí ìlà pupa ìpẹtà tó fà jáde láti ìdí nọ́ọ̀tì kan lọ sórí ríìmù, nọ́ọ̀tì yẹn ti ń mì lábẹ́lẹ̀, kódà tó o bá fọwọ́ tì í tó dà bíi pé ó le. Irin tó ń ha irin ló ń dá ìpẹtà yẹn sílẹ̀. Tọ́ọ̀kì, sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, ni kó o fi tún un dè kó o tó kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà fún ẹ, tún nọ́ọ̀tì yẹn yẹ̀ wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 80 sí 160, torí wọ́n máa ń jókòó sílẹ̀ díẹ̀ sí i.

Tó o bá so orí ọkọ̀ mọ́ tírélà, má gbára lé ariwo "kà" tó o gbọ́. Sọ̀ kalẹ̀, wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó o fojú ara ẹ rí i pé ẹnu irin tó wà lẹ́yìn orí ọkọ̀ ti pa dé yí king pin ká, ìyẹn irin tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ tírélà, pé kò sí àlàfo láàárín àwo ẹ̀yìn orí ọkọ̀ àti abẹ́ tírélà. Lẹ́yìn náà fi bíréèkì tírélà sílẹ̀ ní títì, fi jíà kínní fà á síwájú díẹ̀. Tó bá fà ẹ́ padà, ó ti so nìyẹn. Wá ká ẹsẹ̀ tírélà sókè tán pátápátá. Mo ti rí ẹni tó wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ jáde nínú ọgbà, gbogbo èèyàn ń juwọ́ sí i, òun náà ń juwọ́ padà pé wọ́n ń kí òun ni.

Atẹ́gùn bíréèkì ńkọ́? Tan ẹ́ńjìn, jẹ́ kí géèjì kún, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á gé e fúnra ẹ̀ ní bíi 125 psi, òǹkà tí géèjì fi ń wọn agbára atẹ́gùn nìyẹn. Pa ẹ́ńjìn, tú bíréèkì ìdúró sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó o ti fi igi há táyà, tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o máa wo géèjì fún ìṣẹ́jú kan. Orí àti tírélà tó so pọ̀, tó bá fi ju 4 psi lọ sọ̀ lẹ́yìn ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń jò níbì kan. Máa wá tẹ̀ ẹ́ tú u, tẹ̀ ẹ́ tú u, títí atẹ́gùn á fi dínkù, ariwo ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ké nígbà tó bá fi ń dé nǹkan bíi 60. Tí kò bá ké, má gbé ọkọ̀ náà lọ síbi olókè, mo bẹ̀ ẹ́.

Awakọ̀ Tuntun

Ẹ ṣé gan-an ni. Ti ìpẹtà yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí. Òkè yẹn ló ń já mi láyà jù o, gígun ẹ̀ kọ́, sísọ̀ kalẹ̀ ẹ̀ ni.

Wàrà Wàrà

Kò sí nǹkan níbẹ̀. Tó o bá ti dé orí òkè, fi jíà sí fíríì kó máa yí lọ fúnra ẹ̀, dísù ẹ (epo ọkọ̀) á dúró, o kàn máa fi bíréèkì tọ́jú ẹ̀ ni. Gbogbo wa là ń ṣe é.

Ìyá Oníjíà

Gbogbo yín ta ni? Àbúrò, má dá a lóhùn. Mo ní kó o má dá a lóhùn.

Gbọ́ bó ṣe rí. Tí tírélà tó rù ẹrù bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè gígùn, gbogbo ìwúwo yẹn ló ń tì ẹ́. Nǹkan méjì péré ló lè dá a dúró, ẹ́ńjìn àti bíréèkì. Tó o bá ti fi sí fíríì, o ti já ẹ́ńjìn sílẹ̀, bíréèkì nìkan ló kù. Bíréèkì ń fi gbígbóná ṣiṣẹ́, ó máa gbóná, á tún gbóná sí i, tó bá wá kọjá ààyè ẹ̀ kò ní di ọkọ̀ mú mọ́, wàá tẹ̀ ẹ́ débi tó lè dé, ọkọ̀ á ṣì máa sáré. Lásìkò yẹn o ò ní lè dá jíà padà mọ́ nítorí eré ti pọ̀ ju ohun tí jíà yẹn lè gbà lọ. Ọ̀pọ̀ ibi ni fíríì yẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ti dísù tó ní ó máa dúró, ẹ́ńjìn ìgbàlódé tó wà nínú jíà tó ò ń sọ̀ kalẹ̀ láì tẹ tọ́rọ́tù, ó ti gé dísù fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fíríì ló tún ń mu dísù torí ó gbọ́dọ̀ máa jẹ kí ẹ́ńjìn má bàa kú.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Orí òkè lọ́hùn-ún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í da, ibẹ̀ lo ti máa mú jíà kékeré, ìsàlẹ̀ kọ́. Tí ibi ìdúró bá wà lókè dúró, fọwọ́ kan ara họ́ọ̀bù (àárín ríìmù táyà) fẹ́rẹ́fẹ́ bóyá ọ̀kan gbóná ju àwọn yòókù, ka pátákó tí wọ́n kọ gígùn òkè àti bó ṣe da tó sí. Tan bíréèkì ẹ́ńjìn, èyí tó ń fi ẹ́ńjìn fúnra ẹ̀ dín eré ọkọ̀ kù, tí ojú ọ̀nà bá gbẹ. Yan eré tí kò ní kọjá, bíi kí a sọ kìlómítà 40 ní wákàtí. Tó bá ti dé 40, tẹ bíréèkì, tẹ̀ ẹ́ gidi kó o mọ̀ ọ́n lára, bíi ìṣẹ́jú àáyá 3, títí tó fi wá sí nǹkan bíi 32, tú u sílẹ̀ pátápátá. Jẹ́ kó tún gòkè dé 40 fúnra ẹ̀, tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ lo máa ṣe títí dé ìsàlẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀ lé e fẹ́rẹ́fẹ́ láìgbé e kúrò, ìyẹn ló ń sè é.

Tó o bá gbóòórùn bíi ti nǹkan tó ń jóná, tàbí o rí èéfín nínú dígí ẹ̀gbẹ́, dúró níbi tó bá ti ṣeé ṣe, jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀. Má da omi sí i. Tí ọ̀nà náà bá ní ibi sísá tí wọ́n kó òkúta wẹẹrẹ sí fún ọkọ̀ tí bíréèkì ẹ̀ ti kú, mọ ibi tó wà kó o tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá di dandan wọ inú ẹ̀, ọkọ̀ á bàjẹ́ díẹ̀ lóòótọ́, ìwọ á wà láàyè kí ọ̀gá ẹ rí ẹni bínú sí.

Àwọn tó máa fọn fèrè sí ẹ lẹ́yìn pé o lọ́ra, jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n.

Wàrà Wàrà

Ẹ má bínú mà, mo gbọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀18

Ìyá ti parí ìyẹn. Oorun lèmi fẹ́ sọ, torí òkè kì í ṣe ojoojúmọ́, oorun ojoojúmọ́ ni.

Kọ́kọ́ mọ òfin wákàtí ibi tó o wà. Ní Yúróòpù wákàtí 9 ni wọ́n gbà kéèyàn wakọ̀ lójúmọ́, ó lè di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó o bá sì ti wakọ̀ fún wákàtí 4 àti ààbọ̀ wàá sinmi ìṣẹ́jú 45. Ní Amẹ́ríkà wákàtí 11 ni lẹ́yìn tó o bá ti sinmi wákàtí 10, ìsinmi ìṣẹ́jú 30 sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kó tó kọjá wákàtí 8 lórí sitiárìn. Àwọn ibi kan wà tí òfin ò kọ ohunkóhun gidi tàbí tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè, níbẹ̀ fi òfin dera ẹ. Ara ò mọ̀ bóyá ìjọba bèèrè tàbí wọn ò bèèrè.

Ẹni tó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 sí 19, ìwádìí ti fi hàn pé bó ṣe ń ṣe nǹkan dà bíi ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó 0.05%, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló máa mú ẹni tó mutí tó bẹ́ẹ̀. Aago tó burú jù ni láti bíi aago 2 òru sí 6 àárọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀sán láàárín aago 2 sí 4. Tí orí ẹ bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, tàbí o kọjá ìlú kan o ò rántí pé o kọjá ẹ̀, tàbí táyà fọwọ́ kan ìlà ẹ̀gbẹ́, ìkìlọ̀ ti tán nìyẹn, dúró. Ṣíṣí fèrèsé sílẹ̀ àti yíyí rédíò sókè ò ṣe nǹkan kan, ariwo lásán ni.

Alẹ́ Lọ̀nà Mi

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n èmi òru ni mò ń wakọ̀, ọ̀nà ṣófo, oòrùn ò sí, táyà ò gbóná. Mo ń sùn lọ́sàn-án dáadáa kí n tó gbéra.

Ẹlẹ́sẹ̀18

Ìwọ ti sọ ọ́ di àṣà, ara ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lọ ọ̀nà tí kò mọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ojúmọmọ ni kó fi wò ó. Òru kì í jẹ́ kéèyàn rí bẹ́ńdì títí tó fi dé inú ẹ̀.

Kọfí ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ o, àmọ́ ó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó wọra. Ohun tí mo máa ń ṣe, mo máa páàkì síbi tó dáa, mu ún, sùn lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, tí mo bá jí òun náà ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ àfi tó o bá fẹ́ sùn gidi, torí ẹni tó sùn bíi wákàtí kan máa ń jí pẹ̀lú orí wúwo, kò gbọ́dọ̀ di sitiárìn mú lójú ẹsẹ̀. Àwọn oògùn tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pé ó ń lé oorun, má fẹnu kàn án.

Ibi ìdúró, aago 3 tàbí 4 ìrọ̀lẹ́ ni kó o ti máa wá a, má dúró di ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ tán. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo páàkì tó dáa ti kún, wàá wá lọ dúró sí etí ọ̀nà nínú òkùnkùn. Máa ní ibi kejì àti ìkẹta lọ́kàn. Tó o bá páàkì, ti ẹ̀yìn tírélà sún mọ́ ògiri tàbí ọkọ̀ mìíràn kí ilẹ̀kùn ẹ̀ má ṣeé ṣí, má bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tó o gbé.

Ọmọ Mẹkáníìkì

Ẹ dákun, a ò tíì sọ ti òtútù, ọmọ yìí ń lọ síbi tó tutù.

Dísù tó o bù níbi tí kì í tutù lè dì kó nípọn tó bá dé ibi òtútù, á dí fíltà, ọkọ̀ ò ní tan láàárọ̀. Níbi tó ń tutù wọ́n máa ń ta dísù òtútù, tìẹ ni pé kó o dé bẹ̀ pẹ̀lú táńkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo díẹ̀, bù tiwọn, kó o sì wà á fún ìgbà díẹ̀ kó lè dé fíltà kó o tó pa ọkọ̀ sùn. Má da pẹtiróòlù pọ̀ mọ́ ọn bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o dà á. AdBlue, omi tí wọ́n ń bù sí táńkì ọ̀tọ̀ láti dín ìdọ̀tí inú èéfín ọkọ̀ kù, òun náà máa ń dì ní bíi -11°C, ìyẹn ò ní pa ọkọ̀ lára, ọkọ̀ ní ohun tó ń yọ́ ọ, ṣáà má lọ da omi gbígbóná sí i, kó o sì má ṣì í dà sínú táńkì dísù láé. Táńkì atẹ́gùn, fa omi inú ẹ̀ dànù lójoojúmọ́, omi tó bá dì nínú páìpù bíréèkì, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Lójú ọ̀nà, orí afárá ló máa ń kọ́kọ́ di yìnyín ṣáájú ilẹ̀ lásán, torí afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Tí ọ̀nà bá ń yọ̀, pa bíréèkì ẹ́ńjìn tí Ìyá sọ yẹn, táyà ẹ̀yìn lè tì kí tírélà fẹ́ ká mọ́ ẹ lára. Tí èyí tó le bá dé, dúró.

Bàbá Àjàgbé

Ẹrù wá. Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Tí wọ́n bá di ẹrù fún ẹ, má tì í pa kó o lọ. Wo bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tó o fi so ó, wakọ̀ bíi kìlómítà 80 àkọ́kọ́, dúró, fún un mọ́ra lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ẹrù máa ń jókòó bẹ́líìtì á sì tú. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tó o bá dúró. Tí wọ́n bá fi síìlì ti ilẹ̀kùn, ka nọ́ńbà síìlì, ṣé ó bá ti orí wébììlì mu, ya fọ́tò ẹ̀. Ya fọ́tò ẹrù kí wọ́n tó tì í. Aago tó o dé àti aago tí wọ́n dá ẹ sílẹ̀, kọ méjèèjì, kí ẹni tó ń gbà á fọwọ́ sí i, torí tí wọ́n bá dá ẹ dúró ọjọ́ kan gbáko ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa máa jiyàn lórí ẹ̀ lọ́la.

Tó o bá fẹ́ rìfáàsì wọlé níbi tó ò mọ̀, sọ̀ kalẹ̀ kó o wò ó. Wo ilẹ̀, wo òkè fún wáyà iná àti ẹ̀ka igi, wo ẹ̀yìn. Yí i ní ẹ̀gbẹ́ tí wàá máa rí láti fèrèsé ẹ. Tí nǹkan kan bá ṣókùnkùn lójú ẹ, dúró tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń wò ẹ́ máa ń rẹ́rìn-ín o, wọn ò ní san owó ìkọlù fún ẹ.

Awakọ̀ Tuntun

Ẹ ṣeun ẹ̀yin àgbà. Tí ọ̀gá bá wá ń pè mí lójú ọ̀nà pé kí n sáré, àwọn oníbàárà ń dúró ńkọ́?

Ìyá Oníjíà

Má gbé e nígbà tó o bá ń wakọ̀. Dúró kó o tó pè é. Sọ fún un níbi tó o wà, aago tó o máa dé, má bá a dá ìlérí tó o mọ̀ pé òkè ò ní jẹ́ kó ṣẹ. Tó bá sì ní kó o kọjá wákàtí ẹ, ní kó fi téèsì ránṣẹ́. Púpọ̀ wọn ò ní kọ ọ́.

Àyè láàárín ẹ àti ẹni iwájú pẹ̀lú, ìṣẹ́jú àáyá 1 fún gbogbo mítà 3 gígùn ọkọ̀, kó o fi 1 lé e tó o bá ti kọjá bíi kìlómítà 60 ní wákàtí lórí géèjì. Ọkọ̀ mítà 18, ó di 7. Wọn á máa wọ inú àyè yẹn mọ́ ẹ lọ́wọ́, ṣáà tún un dá sílẹ̀.

Alẹ́ Lọ̀nà Mi

Kí n fi ọ̀kan kún un, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́: tó o bá já ẹrù tán tí tírélà bá ṣófo bọ̀ wálé, má rò pé ó ti rọrùn. Kò ní dúró kíá, táyà ẹ̀ máa ń fò lórí ilẹ̀ ni tó o bá tẹ bíréèkì le, ó sì máa ń yọ̀ kíákíá ju èyí tó rù lọ. Atẹ́gùn ló burú jù níbẹ̀, ara ẹ̀ fẹ̀, kò sí ohun tó mú un mọ́lẹ̀. Orí afárá gíga àti àárín òkè méjì, tí atẹ́gùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ dé, dín eré kù kó o tó débẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì di sitiárìn mú. Tí wọ́n bá gbé pátákó ìkìlọ̀ atẹ́gùn sójú ọ̀nà fún ọkọ̀ gíga, ìwọ ni wọ́n ń bá wí, páàkì títí á fi rọlẹ̀.